Aago Mélòó Ló Lù Lọ́hùn-ún? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Pe Ìpàdé láti Ìjẹ̀bú-Òde

Èmi ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Àwa tó ṣẹ́kù sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde kò tó ìdajì mọ́. Àwọn kan wà ní London, àwọn kan wà ní Houston àti Dubai, ẹnì kan sì wà ní Auckland, nílẹ̀ New Zealand. Orí fóònù la ti ń ṣèpàdé báyìí. Nínú oṣù Kẹta ọdún kan, mo kọ ọ́ sínú ìkéde pé aago mẹ́jọ alẹ́ nílé, aago kan ọ̀sán ní Houston. Ará wa tó wà ní Houston jókòó ti fóònù ní aago kan géérégé, kò sì bá ẹnì kankan níbẹ̀. Nígbà tí àwa fi máa wọlé ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó ti bínú lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn gan-an ló ṣe tọ̀nà nínú oṣù Kejì. Kí ló wá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan?

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ́ ọ̀rọ̀ aago láti ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ náà ni mo ṣe tò ó síbí. Ẹ má wulẹ̀ há a sórí pé "Amẹ́ríkà fi wákàtí báyìí wà lẹ́yìn wa". Ohun tí a há sórí ló kó mi sí wàhálà.

Ẹ kọ́kọ́ bi òòrùn ní àgbàlá yín

Ọjọ́ Kérésìmesì dára fún èyí. Àwọn ọmọ wà nílé, ọ̀sán sábà máa ń mọ́, ìdí kẹta ń bọ̀ níwájú. Ẹ ri ọ̀pá tó ga ní mítà kan mọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán. Ẹ so okùn mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi fa òbìrí yí i ká, kí ó jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 78 láti ìdí ọ̀pá dé ara ìlà. Láàárọ̀, òjìji ọ̀pá yóò gùn kọjá òbìrí náà. Bí òòrùn bá ṣe ń gòkè ni yóò máa sún kì. Ìgbà tí orí òjìji bá kan ìlà gẹ́lẹ́, ẹ wo aago, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ bá wọn dáná. Lẹ́yìn tí ọjọ́ bá yẹ̀, òjìji yóò tún máa gùn jáde. Nígbà tó bá tún kan ìlà, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí nǹkan bí aago 11:10, èkejì sí nǹkan bí 2:18. Ẹ wá àárín méjèèjì: 12:44. Ìyẹn ni ọ̀sán gangan tiwa, ìgbà tí òòrùn ga jù lọ, tí òjìji ọ̀pá kò sì ju bíi sẹ̀ǹtímítà 58 lọ. Nígbà tí aago ara ògiri lu méjìlá, òòrùn ṣì ń gòkè bọ̀. Aago wa ń fi ìṣẹ́jú 44 sáré ṣíwájú òòrùn.

Ẹ má dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Òòrùn máa ń kàn wá láàárín orí gan-an nígbà náà, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lọ́sàn-án, òbìrí yìí kò sì ní wúlò.

Kí ló dé tí mo fi sọ pé Kérésìmesì? Nítorí òòrùn pàápàá kì í pa àkókò mọ́ bíi ti aago. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí òòrùn ká kò rí roboto, ayé fúnra rẹ̀ sì dagun díẹ̀. Fún ìdí yìí, ọ̀sán gangan máa ń tètè dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nǹkan bí 12:28 lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń pẹ́ dé ní àárín oṣù Kejì, nǹkan bí 12:58. Ní nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ìyàtọ̀ yìí kò sí rárá. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa ti mọ èyí láìri ọ̀pá kankan: ẹ wo ìwé àkókò ìrun tó wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí, ẹ óò rí i pé ìrun Àìlà kì í wọlé ní aago méjìlá, pé ìṣẹ́jú rẹ̀ sì ń lọ ó ń bọ̀ láti oṣù dé oṣù.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀

Ayé ń yí dìgírì 360 ní wákàtí 24. Ẹ pín in: dìgírì 15 ní wákàtí kan, dìgírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn ìlà òòró tí wọ́n fà sára àwòrán ayé láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí olùkọ́ jọ́gíráfì ń pè ní longitude, àwọn dìgírì yìí ni wọ́n ń kà. Níbo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington, wọ́n sì fẹnu kò sí ìlà tó gba ilé ìwòràwọ̀ Greenwich, ní London, kọjá. Orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí i, ọ̀kan kọ̀, Faransé àti Bùràsíìlì kò dá sí i.

Ẹ wá padà sí àgbàlá. Nígbà tí aago tiwa jẹ́ 12:44, ti Greenwich jẹ́ 11:44. Òòrùn ti kàn wá lórí, ó sì ku ìṣẹ́jú 16 kó kàn wọ́n. Ẹ fi mẹ́rin pín 16: dìgírì mẹ́rin sí ìlà-oòrùn Greenwich. Nínú ìwé, Ìjẹ̀bú-Òde wà ní nǹkan bí dìgírì 3.92. Ọ̀pá, okùn àti aago ló gbé yín débẹ̀! Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan péré ṣì í kà, ìdá mẹ́rin dìgírì lẹ ṣì í, nǹkan bíi kìlómítà 28. Ìṣirò yín á gbé yín lọ sí agbègbè Ṣàgámù. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́: òòrùn ń kàn wá ní Ìjẹ̀bú-Òde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó kan àwọn ará Rẹ́mọ ní Ṣàgámù. Kí àwọn ará Rẹ́mọ má bínú.

Ọ̀rọ̀ aago tó péye yìí ló pa ọ̀pọ̀ atukọ̀ lójú òkun láyé àtijọ́. Wọn kò ní aago tí ìgbì kò lè dà láàmú, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n dé. Ní 1714, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó tó tó 20,000 pọ́n-ùn lélẹ̀ fún ẹni tó bá yanjú rẹ̀. John Harrison, káfíńtà tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ aago, ló ṣe èyí tó borí. Wọ́n gbé e wọkọ̀ lọ sí Jàmáíkà ní 1761 láti dán an wò.

Ta ló fún wa ní aago tí a ń lò?

Láyé tí kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin àti wáyà, ìlú kọ̀ọ̀kan ń lo òòrùn tirẹ̀. Ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan àti ìrọ̀lẹ́ kò nílò Greenwich. Aago òòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣíwájú Greenwich. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 1905, wọ́n fa Èkó mọ́ aago Greenwich. Ní 1908, wọ́n dá a padà sí ti òòrùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1914, ọjọ́ kan náà tí wọ́n so Gúúsù àti Àríwá pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ààbọ̀ wákàtí. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1919, ó di wákàtí kan gbáko, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́rìnlá! Mo máa ń ro ti akọ̀wé ẹgbẹ́ ayé ìgbà yẹn.

Wákàtí kan gbáko jẹ́ aago ìlà dìgírì 15. Ìlà yìí kò gba ibì kankan kọjá ní Nàìjíríà. Ẹ̀gbẹ́ N'Djamena, olú ìlú Chad, ló gbà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi wà lẹ́yìn aago tiwa. Maiduguri fi ìṣẹ́jú bíi méje wà lẹ́yìn, àwa fi 44. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí rédíò fi máa ń kéde ìṣínu àwọn ará Maiduguri nígbà ààwẹ̀ kí tiwa tó kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago kan náà ni gbogbo wa ń wò.

Àwa kọ́ la burú jù. Gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà ń lo aago kan ṣoṣo, nítorí náà ní Kashgar, ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, ó máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́ta kí òòrùn tó kàn wọ́n lórí. Ẹ̀yin tó ń kà èyí, ẹ rántí pé ìjọba ló ń yan aago. Àwòrán ayé nìkan kò lè sọ aago fún yín.

Ẹ gba Greenwich kọjá

Ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta láti Ìjẹ̀bú-Òde ń gba Ṣàgámù. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa gba Greenwich, ìbáà jẹ́ ibi yòówù lẹ ń lọ. Ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú aago wa, ó di GMT. (Lórí kọ̀ǹpútà, UTC ni wọ́n sábà máa ń kọ, fún ìpàdé tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n.) Láti ibẹ̀, ẹ fi ti ìlú tí ẹ ń wá kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Accra àti Lomé kò fi nǹkan kan kún un. Kùtọnu fi wákàtí kan kún un bíi tiwa, nítorí náà ẹni tó bá wọkọ̀ gba Sẹmẹ̀ lọ sí Accra kò ní yí aago rẹ̀ padà ní Kùtọnu. Ó di ẹnu ibodè Tógò. Johannesburg jẹ́ méjì, Mẹ́kà mẹ́ta, Dubai mẹ́rin, Guangzhou mẹ́jọ. Ilẹ̀ Íńdíà jẹ́ márùn-ún ààbọ̀. Nepal fi tirẹ̀ ṣe wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 45, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Gbogbo àwọn tí mo kà yìí kò yí padà láti ọdún dé ọdún, ẹ lè kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé.

Àwọn tó ń yí padà ló kù. London: òdo nígbà òtútù, kún un ní kan nígbà ooru. Jámánì àti Ítálì: kan, lẹ́yìn náà méjì. New York àti Toronto: yọ márùn-ún, lẹ́yìn náà yọ mẹ́rin. Houston: yọ mẹ́fà, lẹ́yìn náà yọ márùn-ún. Los Angeles: yọ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà yọ méje. Auckland: kún un ní 12, tàbí 13 nígbà ooru tiwọn, èyí tó jẹ́ ìgbà òtútù àwọn ará London.

Ibi tí mo ti ṣubú

Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan gùn ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní London, ojúmọmọ máa ń lé ní wákàtí 16 ní oṣù Kẹfà, kò sì tó mẹ́jọ ní oṣù Kejìlá. Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ̀ tó ń dín bẹ́ẹ̀ ló ń sún aago síwájú nígbà ooru, kí ìrọ̀lẹ́ lè gùn fún wọn. Àwa kò ní ohun tí a fẹ́ fi ṣe, nítorí náà aago tiwa kì í sún. Nígbà tí ẹnì kan bá wí pé "Nàìjíríà ti wá wà ní aago kan náà pẹ̀lú London," London ló rìn wá bá wa.

Bí gbogbo wọn bá ń sún un lọ́jọ́ kan náà, ìyọnu kò ní pọ̀. Amẹ́ríkà ń sún tirẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta, ó sì ń dá a padà ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. London àti Yúróòpù ń sún tiwọn ní Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n sì ń dá a padà ní Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Ní 2026, Amẹ́ríkà sún un ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, London ní ọjọ́ 29. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìyàtọ̀ àárín London àti Houston jẹ́ wákàtí márùn-ún dípò mẹ́fà, ti àárín àwa àti Houston sì jẹ́ mẹ́fà dípò méje. Àárín ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo pe ìpàdé mi sí. New Zealand tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní òpin oṣù Kẹsàn-án, ó ń parí rẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kẹrin. Hawaii kì í sún rárá, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ Arizona.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí: ìpàdé tó bá bọ́ sí oṣù Kẹta, ìkẹrin, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá tàbí ìkọkànlá, mo máa ń ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun. Mi ò kì í da ti oṣù tó kọjá kọ.

Ọjọ́ wo ni lọ́hùn-ún?

Bí ìṣirò yín bá kọjá 24, ẹ yọ 24, kí ẹ sún ọjọ́ síwájú. Bí ó bá lọ sábẹ́ òdo, ẹ fi 24 kún un, kí ẹ dá ọjọ́ padà sẹ́yìn. Aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta níbí jẹ́ 19 ní GMT. Ẹ fi 13 ti Auckland kún un, ó di 32. Ẹ yọ 24, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, Ọjọ́ Àìkú. Bí ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú bá pe Houston ní aago méjì òru tó mọ́jú Ọjọ́ Àìkú nígbà òtútù, GMT jẹ́ 1; ẹ yọ mẹ́fà, ó di òdì márùn-ún; ẹ fi 24 kún un, 19 ni. Aago méje alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣì ni lọ́dọ̀ wọn, oúnjẹ alẹ́ sì wà lórí tábìlì.

Bí a bá ń kún un lọ sí ìlà-oòrùn, tí a sì ń yọ ọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, apá méjèèjì yóò pàdé lẹ́yìn ayé, ní nǹkan bí dìgírì 180, láàárín òkun Pàsífíìkì. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ já níbì kan. Ibẹ̀ ló ti ń já. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Magellan ló kọ́kọ́ fi ara gbá a. Wọ́n ń yí ayé ká sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ láìfo ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù Cape Verde ní oṣù Keje 1522, Ọjọ́rú ni ìwé wọn wí, àwọn ará ilẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni. Wọn kò ṣì í kà. Wọ́n ti bá òòrùn rìn yí ká, ó sì ti fi ìgbà kan dín ní yíyọ fún wọn.

Ìlà tí ọjọ́ ti ń já yìí kò tọ́. Ó ń ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ nítorí àwọn orílẹ̀-èdè ń yan ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fẹ́. Samoa, tó ń bá Australia àti New Zealand ṣòwò, rí i pé Ọjọ́ Ẹtì tòun ni Àbámẹ́ta tiwọn. Nígbà tí ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2011 parí, wọ́n fo ọjọ́ 30, wọ́n jí sí ọjọ́ 31. Kò sí ẹni tó ṣe ọjọ́ ìbí ní Samoa ní ọjọ́ 30 ọdún yẹn. Samoa ti Amẹ́ríkà, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 125 sí i, kò bá wọn lọ: wákàtí kan náà ni aago àwọn méjèèjì ń lù lónìí, ọjọ́ ló yàtọ̀.

Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù nínú òkun Pàsífíìkì, ti sún erékùṣù rẹ̀ tó jìnnà jù sí wákàtí 14 níwájú Greenwich láti 1995. Nítorí èyí, láàárín aago 11 sí 12 àárọ̀ níbí, lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló wà láyé lẹ́ẹ̀kan náà: àná ṣì kù ní Samoa ti Amẹ́ríkà, òní wà lọ́dọ̀ wa, ọ̀la ti bẹ̀rẹ̀ ní Kiribati.

Ojúde Ọba, àti ìkà ilé

Ìbéèrè tí àwọn ará òkè òkun ń bi mí jù nìyí: "Akọ̀wé, ọjọ́ wo ni Ojúde Ọba, ká lè ra tíkẹ́ẹ̀tì?" Ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún á sì fi mẹ́ta kún ọjọ́ Iléyá. Ní 2025, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Ẹni tó fi mẹ́ta kún un rí ọjọ́ 9. Ọjọ́ 8 ni Ojúde Ọba. Àwa Yorùbá ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ìjẹta kò ju ọjọ́ méjì sẹ́yìn lọ. Ọjà ọrún ń ná lẹ́yìn òru mẹ́rin, ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ní kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ẹ yọ kan kúrò nínú ìkà ilé kí ẹ tó fi ṣírò lórí kàlẹ́ńdà.

Iléyá fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé oṣù ojú ọ̀run, ó ń fi ọjọ́ 10 sí 12 tètè dé sí i lọ́dọọdún: ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ní 2024, ọjọ́ 6 ní 2025. Nínú ìkà Mùsùlùmí, ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òòrùn bá wọ̀, kì í ṣe ní ọ̀gànjọ́. Sultan Sókótó ló ń kéde rírí oṣù fún Nàìjíríà, ó sì lè yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè yí padà.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́

Ẹ má ṣe kọ 08/06/2025 ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ni wọn yóò kà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù. Ẹ má sì ṣe kọ "aago méjìlá òru Ọjọ́ Àbámẹ́ta": ẹnì kan á wá lóru Ẹtì, ẹlòmíràn á wá lóru Àbámẹ́ta. Ahọ́n wa ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju ìyẹn lọ, "Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta". Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó ṣe kedere fún ọmọ òkè òkun, ẹ kọ 23:59. Èyí ni irú ìkéde tí mo ń kọ báyìí:

Ìpàdé: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2026. Ìjẹ̀bú-Òde 20:00. GMT 19:00. London 19:00. Houston 14:00. Dubai 23:00. Auckland 08:00, Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15.

Ẹni tó wà ní Auckland ti bẹ̀ wá pé ká má jẹ́ kó kọjá wákàtí kan, nítorí ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀.